Ọ̀nà Àárín Láfún

Ẹ̀gbọ́n mi kì í jókòó jẹun tán. Á ní, "Màámi, mò ń bọ̀," ó ti gbé bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì jáde nìyẹn. Orí àpáta tí a ń sá láfún sí ní Ọ̀kà ló ti ń gbá a mọ́lẹ̀, á máa sáré gba àárín láfún kọjá. Màámi á pariwo: "Tóo bá tẹ̀ ẹ́, wàá rí pupa ojú mi!" Kò tẹ̀ ẹ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gba àárín àwọn géńdé kọjá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkàrẹ́, títí ẹgbẹ́ kan fi mú un lọ sí Èkó. Bọ́ọ̀lù ló fi ń jẹun báyìí. Kò tíì wálé.

Lánàá, mo sá láfún dí ọ̀nà tí Màámi ṣì máa ń fi sílẹ̀ láàárín. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́: "Ibo lo fẹ́ kó gbà?"