Ewúrẹ́ Tí Olùkọ́ Dulmaa Wọ̀ Láṣọ

Nígbà ìrúwé, kí Olùkọ́ Dulmaa tó kí wa láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbá iyanrìn kúrò lórí tábìlì wa. Iyanrìn náà máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé lóru, á sì bo gbogbo nǹkan bí ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá gbá a tán, wọ́n á da ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ààrò onírin, wọ́n á gbé omi tíì lé e, wọ́n á wá yíjú sí wa pé, "Ó yá, ta ló ti jí, ta ló ṣì ń sùn lórí ìjókòó?" Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé wa. Wọ́n kọ́ mi. Wọ́n kọ́ bàbá mi pẹ̀lú.

Wọn kì í ṣe ọmọ aṣálẹ̀. Ìhà àríwá ni wọ́n ti wá, níbi tí odò ti ń ṣàn, tí igi sì pọ̀ débi pé èèyàn lè sọnù sáàárín rẹ̀. Ọdún méjì péré ni ìjọba ní kí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Mo bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọn kò padà sílé. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ máa lọ, ọmọ kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà dé ìdajì. Ṣé kí n fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ni?" Síbẹ̀ Màmá àgbà mi ṣì máa ń pè wọ́n ní "ọmọ odò", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni irun wọn ti funfun.

Oṣù kẹrin ni kíláàsì wa máa ń ṣófo. Ìgbà yẹn ni irun inú, irun múlọ́múlọ́ tí ewúrẹ́ fi la òtútù kọjá, máa ń tú lára wọn. Òun la ń tà tí a fi ń jẹun yí ọdún ká. Ẹni tó bá lè di òòyà mú gbọ́dọ̀ wà nílé, ìbáà ṣe ọmọdé. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń bínú, wọ́n á máa kọ orúkọ àwọn tí kò wá. Olùkọ́ Dulmaa ní tiwọn á ti kíláàsì pa, wọ́n á di òòyà onírin wọn àti ìwé mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n á sì máa lọ láti àgọ́ dé àgọ́. Àdéhùn wọn kò le: ewúrẹ́ kan, ojú-ìwé kan. Bí wọ́n bá ti ya irun ewúrẹ́ kan tán, ọmọ ilé náà gbọ́dọ̀ ka ojú-ìwé kan sókè ketekete. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n á sọ pé, "Tíṣà, ẹ tètè mú òmíràn, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìtàn yẹn já sí."

Lọ́dún yìí, àgọ́ tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ìdánwò tí wọ́n fi ń mú ọmọ méjì péré láti abúlé wa lọ sí ilé-ìwé girama ní ìlú. Orúkọ mi wà lára àwọn tó máa ṣe é. Olùkọ́ ló kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì pé mi ò lè ṣe é.

Èèyàn mẹ́ta péré la wà ní àgọ́: Bàbá, Màmá àgbà, àti èmi. Màmá mi wà lábúlé pẹ̀lú àwọn àbúrò mi kéékèèké nítorí ilé-ìwé wọn.

Bàbá ní, "Tíṣà, àádóje ewúrẹ́ ló wà nínú ọgbà yẹn. Èèyàn mẹ́ta ni wá. Ewúrẹ́ ò sì mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀."

"Èèyàn mẹ́rin," ni Olùkọ́ dá wọn lóhùn. "Bí a bá yára, ọjọ́ mẹ́ta la ó fi parí. Tá a bá parí, ṣé wàá jẹ́ kí ọmọ yìí lọ?"

"Tí irun bá ti wà nínú àpò, ó lè lọ. Tí kò bá tíì sí nínú àpò, kò níbi tó ń lọ."

"Gbogbo irun?"

"Gbogbo rẹ̀, Tíṣà."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gombo, ṣé o rántí ọjọ́ tí o sunkún nítorí eéje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń gbọ́."

"Mélòó ni?"

Bàbá wo òkè àgọ́ bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

"O rí i. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fi kọ́ ọ."

Màmá àgbà ń bu tíì oníyọ̀ sínú abọ́. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ odò, wọn kì í bọ́ gbogbo ẹran sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún lónìí, ogún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òbúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ fi àwọn ìyá ọlọ́mọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi irun ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà ìrúwé ò ṣe é fọkàn tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Màmá, ẹ wo ojú ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kankan."

"Ojú ọ̀run tí mo ti ń wò láti àádọ́rin ọdún náà ni."

Bàbá wo ìyá wọn, wọ́n wo Olùkọ́, wọ́n wá wò mí. Wọ́n gbé òòyà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la ò gbé òòyà sílẹ̀ àfi fún oúnjẹ. Bàbá á mú ewúrẹ́ níwo, wọ́n á dà á dùbúlẹ̀, wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Olùkọ́ á fi eékún dì í mú jẹ́jẹ́, wọ́n á máa ya irun láti ọrùn lọ sí ìdí, bí ìyá tó ń yarun fún ọmọ tó ń sunkún. "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi," ni wọ́n ń sọ fún un. Wọ́n á sì yíjú sí mi, "Ojú-ìwé kan! Má ṣe kà á sínú, ewúrẹ́ náà fẹ́ gbọ́." Mo ń kàwé, mo ń yarun, mo ń dáhùn ìbéèrè. Àtàǹpàkò mi bó. Irun rírọ̀ ń fò kiri, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Lẹ́yìn ọgbà, koríko tuntun ti yọ orí láàárín òkúta, àwọn ọmọ ràkúnmí aládùúgbò sì ń fẹsẹ̀ palaba sáré kiri. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, irun wà nínú àpò. Àwọn ewúrẹ́ di tín-ín-rín, wọ́n dà bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tí ojú ń tì. Irun ẹ̀yìn tí Màmá àgbà ní ká fi sílẹ̀ kò kù lára ọ̀kankan, nítorí gbogbo irun ni Bàbá sọ.

"Ó lè lọ," ni Bàbá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá ṣí ọgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹran kan tó jáde. Màmá àgbà dúró níta láìdé fìlà, wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìsàlẹ̀ ọ̀run níbẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún.

"Gombo, ti ọgbà yẹn padà."

Ojú Olùkọ́ yí padà. Wọ́n gun alùpùpù wọn, wọ́n sì lọ.

Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tètè délé kí ìjì tó dé." Mo gbà pé wọ́n sá ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyẹn.

Eruku ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òjò tútù, lẹ́yìn náà òjò dídì tí iyanrìn dà pọ̀ mọ́. Àwọn ewúrẹ́ wọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, wọ́n ń gbọ̀n. A kó gbogbo aṣọ òtútù wa jáde, a kó ìbora ibùsùn, a gé àlòkù awọ àgọ́ sí wẹ́wẹ́. Ogójì péré la rí bò. Mo rí i bí ewúrẹ́ kan ṣe kúnlẹ̀ tí kò dìde mọ́. Bàbá ò bínú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń tún sọ pé, "Gbogbo rẹ̀ ni mo ní, gbogbo rẹ̀." Mo mọ̀ pé bí àwọn ewúrẹ́ yìí bá lọ, kò ní sí àgọ́, kò ní sí ilé-ìwé, fún èmi tàbí fún àwọn àbúrò mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbọ́ ìró alùpùpù. Kìlómítà méjìdínlógún ni àgọ́ wa sí abúlé, Olùkọ́ sì ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Iyanrìn ti dì mọ́ wọn lójú, ẹyinjú wọn nìkan ló hàn. Ẹrù ẹ̀yìn wọn ga ju orí wọn lọ: kúbùsù ilé tí àwọn ọmọ darandaran ń sùn, kọ́tìnì pupa gbọ̀ngàn ilé-ìwé, àti ẹ̀wù tí a fi ń jó lópin ọdún. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó fún ọ̀gá ilé-ìwé: "Mo ti kó kọ́tìnì. Ewúrẹ́ Gombo wà níhòòhò. Èmi ni mo fà á. Dulmaa."

"Ya á!" ni wọ́n ń pariwo. "Má wò mí, ya á!"

A ń fa kọ́tìnì ya, a ń dì í mọ́ ẹran. Màmá àgbà ń pàṣẹ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ fi okùn gba abẹ́ ikùn! Ẹ má so ó mọ́ ọrùn, kó má baà fún un pa!" Àwọn tó ti rọ la gbé wọ inú àgọ́, bí ọgbọ̀n, títí a ò fi rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wọn wà lábẹ́ ibùsùn Màmá àgbà. A kò sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́ kí afẹ́fẹ́ tó rọ̀.

Méje ló kú. Olùkọ́ fúnra wọn ló gbé wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ àgọ́, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Màmá àgbà.

"Màmá, ẹ kìlọ̀ fún mi. Ìkánjú mi ló pa wọ́n."

Màmá àgbà rọra bu tíì. "Lọ́dún tí mo wọ ilé ọkọ, mo ya ogójì nírun lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí mo fẹ́ kí ìyá ọkọ mi yìn mí. Gbogbo wọn kú. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Ó dáa, o ti di ará ibí wàyí.' Ó gbé tíì fún mi, mo sì sunkún sínú rẹ̀." Wọ́n na abọ́ náà sí Olùkọ́. "Gbà, mu ún. Tìrẹ ò tiẹ̀ tó tèmi. Mẹ́tàlélọ́gọ́fà ló ń mí lóde."

Wọ́n fa orí Olùkọ́ mọ́ra, wọ́n sì gbóòórùn iwájú orí wọn, bí wọ́n ti ń ṣe fún èmi àti àwọn àbúrò mi.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín níta. "Tíṣà! Ẹ wá wo òbúkọ yín!" Òbúkọ ńlá náà wọ ẹ̀wù ijó oníbọ́tìnì wúrà, ó ń rìn gbẹ̀du-gbẹ̀du láàárín àwọn abo. "Ó ti ń wá ìyàwó!"

Olùkọ́ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n jókòó sórí alùpùpù. Wọn kò dárúkọ ìdánwò. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Ẹran tó ń ṣàìsàn pọ̀, a ní láti máa fọwọ́ fún wọn lónjẹ. Mo gbé korobá, mo ń lọ sí ọgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ti múra láti sọ pé ó wù mí kí n dúró.

"Tíṣà," ni Bàbá pè wọ́n, "ẹ ń gbàgbé ẹrù yín."

Olùkọ́ wẹ̀yìn. "Mo ti dì í tán. Tó bá jẹ́ ti kọ́tìnì, ẹ bá mi—"

"Mi ò sọ ti kọ́tìnì. Èyí tó gbé korobá yẹn ni mò ń wí."

"Gombo, mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́ mọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí? Àdéhùn la ṣe. Irun wà nínú àpò." Bàbá gba korobá lọ́wọ́ mi. "Lọ. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń fún ewúrẹ́ lómi ni?"

Màmá àgbà ti jáde pẹ̀lú ẹ̀wù mi àti wàràkàṣì gbígbẹ. Bí a ti ń lọ, wọ́n wọ́n wàrà sílẹ̀ lẹ́yìn wa kí ọ̀nà wa lè dára.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege. Ilé-ìwé ìlú ni mo ti ń kọ èyí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí kọ́tìnì, títí Màmá àgbà fi fọ ọ́, tí wọ́n rán an, tí wọ́n sì gbé e lọ fún un fúnra wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúkojú, ọ̀rọ̀ ò jáde. Bóyá wọ́n á ka èyí.

Ohun tí mo máa ń rántí jù ni ọ̀nà tí a gbà lọ lọ́jọ́ Ajé náà. Mo di ẹ̀yìn Olùkọ́ mú, wọ́n sì ń fi igbe béèrè ìṣirò lọ́wọ́ mi kí ìró ẹ́ńjìnnì má baà bò ó. Ìbéèrè kan dá lórí ọkọ̀ ojú irin méjì tó ń sá pàdé ara wọn. Mi ò rí ọkọ̀ ojú irin rí. Mo dáhùn, kò tọ̀nà. Mo tún dáhùn kíákíá. Kò tún tọ̀nà. Mo ṣetán láti sọ èyíkéyìí tó bá wá sí mi lẹ́nu.

Olùkọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo aṣálẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí iyanrìn tútù, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ́ ibì kan níwájú mi títí ó fi dọ́gba bíi pátákó.

"Rọra rò ó," ni wọ́n wí. "A ní àkókò."

Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ìka ya ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́.