Ọjọ́ Tí Mínísítà Lọ Síbi Tí Wọ́n Ti Àbúrò Mi Mọ́

Inú train ni mo wà ní Marlborough, ní Canada níbí, mò ń lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ìyá mi pè láti Ìbàdàn pé wọ́n ti mú àbúrò mi obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, ní orílẹ̀-èdè ọlọ́ba kan tí epo pọ̀ sí. Wọ́n gbé ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ̀ lù bí ẹní lu bàrà wá sí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ayélujára, àwọn ọlọ́pàá sì wá gbé e.

Síbẹ̀, n kò sọ̀rètí nù. Ṣebí mo ti di ọmọ Canada. Lọ́jọ́ tí a búra, wọ́n sọ fún wa pé ibi yòówù kí wọ́n ti máa fìyà jẹ ènìyàn, orílẹ̀-èdè yìí kì í dákẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Mo bá gba ọ́fíìsì MP, aṣòfin àdúgbò wa, lọ. A kì í fọwọ́ òfo lọ bẹ àgbà, nítorí náà mo ra iṣu mẹ́ta tó dá múṣémúṣé ní Forest Lawn, mo gbé e síwájú akọ̀wé rẹ̀. Ọmọbìnrin náà sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Sorry sir, we can't accept gifts."

Ojú tì mí, àmọ́ inú mi dùn. Ìjọba tí kò lè gba iṣu, ta ló fẹ́ rà á? Ó kọ orúkọ àbúrò mi sílẹ̀, ó ní mínísítà kan ń lọ sí orílẹ̀-èdè náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí.

Níbi ìpàdé àdúrà wa ní Cityscape, ohun méjì ni mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà lé lórí: kí wọ́n tú àbúrò mi sílẹ̀, kí kọ́ńtíráàtì ńlá tí iléeṣẹ́ wa ń wá sì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹnjiníà ni mí, ẹ̀rọ ìwapo là ń ṣe, wọ́n sì ti ń múra láti dá wa dúró. N kò tiẹ̀ béèrè ẹni tó fẹ́ rajà.

Lọ́jọ́ Wednesday, ọ̀gá mi wọlé tòun ti páálí donut.

"No layoffs, guys! We got it!"

Ó tan tẹlifíṣàn. Mínísítà wa nìyẹn, òun àti ọba orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ti àbúrò mi mọ́lé ń bọra wọn lọ́wọ́ lórí kọ́ńtíráàtì wa. Akọ̀ròyìn kan bi mínísítà léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn ti mẹ́nu bà á lápapọ̀, àwọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́, èmi náà sì ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Háà! Àdúrà tí mo fẹnu ara mi gbà! Mo bínú sí mínísítà náà, mo bínú sí ara mi jù ú lọ. Ìyá mi ló tún pè.

"Ọmọ mi, ṣé ìjọba yín ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀, Mọ́mì."

Irọ́ kọ́. Ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní kí n má tíì pa fóònù, òun fẹ́ lọ ṣí fèrèsé yàrá àbúrò mi kí atẹ́gùn lè wọlé.