Èémí Octave Lambiotte

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó tú àṣírí àwa afẹ́gíláàsì fún ilé-iṣẹ́, ẹ má wá a jìnnà. Mo jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo mu bíà rẹ̀, mo sì bá a rẹ́rìn-ín.

Octave Lambiotte ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti bí i, bíi tèmi, ìran afẹ́gíláàsì pọ́ńbélé sì ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún la jọ ṣiṣẹ́ ní ìlú wa ní Pẹnsilféníà, létí odò Monongahela. Èmi ni mo máa ń ti ọ̀pá irin oníhò bọ inú ìléru, tí mo máa ń fi ká gíláàsì tó ti yọ́ bí oyin, tí mo máa ń gbé e fún un. Òun ló máa ń fẹnu fẹ́ ẹ, tí á máa fì í lórí kòtò títí á fi gùn tó ènìyàn. Àwọn mìíràn á là á, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó di gíláàsì fèrèsé. Olówó tó ń wòta láti ilé rẹ̀ ní New York, èémí wa ló ń wò.

Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ fi ń bẹ̀rù wa. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ, ẹgbẹ́ àwa afẹ́gíláàsì ní ká gbé ọ̀pá sílẹ̀, ìléru kú fún oṣù mẹ́ta, àwọn ọ̀gá ló wá bẹ̀ wá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà, torí a ti búra: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àfi ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀, a ó yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, kò ní bá wa jẹ, kò ní bá wa mu mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Octave ní, Emil. Ibà pa á lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀pá dì mú. Látọjọ́ náà Octave kò tọ́jú àwọn ẹyẹlé rẹ̀ mọ́, òun tó jẹ́ pé ẹyẹlé rẹ̀ ló máa ń gbégbá orókè nínú eré ìje tí a máa ń fi ẹyẹlé ṣe.

"Firmin, baba baba mi gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ baba tiẹ̀," ó máa ń sọ fún mi. "Ta lèmi fẹ́ gbé e fún?"

"Ẹ ṣì máa bí òmíràn, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ lo máa bá mi lóyún ẹ̀? Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Ní oṣù keje, tí wọ́n máa ń pa ìléru nítorí ooru, àlejò kan wá, Ọ̀gbẹ́ni Thorne, ẹni jẹ́jẹ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ń kọ ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí iṣẹ́ wọn má bàa parun pẹ̀lú wọn. Ojú Octave tàn. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

"Ṣé kò lòdì sí ìbúra?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá la búra lé, a ò búra lé bébà. Ṣé bébà lè fẹ́ gíláàsì ni?"

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ń wá. Octave á gbé ọ̀pá òfìfo dání lẹ́yìnkùlé, á máa fẹ́, á máa fì, àlejò á di aago àpò mú, á máa kọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn?" àlejò náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọgbọ́n baba mi nìyẹn. Tó bá ti gùn dé ìbàdí, màá dá èémí dúró: ení, èjì, ẹ̀ta. Kí gíláàsì fara balẹ̀. Àwọn yòókù kì í ṣe é, ẹ wo tiwọn bó ṣe ń nípọn lápá kan!" Ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Emil ti kú, mi ò tíì rí eyín rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Marie, ìyàwó rẹ̀, gbé pái ìrẹsì kalẹ̀, ó dúró. "Octave, ọkùnrin yìí ò tíì bi ẹ́ lórúkọ baba ẹ. Irú ìwé wo nìyẹn? Aago ló ń wò ṣáá."

"Obìnrin yìí, jẹ́ n sinmi."

Ọdún méjì kọjá, a kò rí ìwé. Ẹ̀rọ la rí. Àwọn ọ̀gá pè wá sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru, kí a wá wò ó. Kò sí ẹnì kankan tó fẹnu fẹ́ nǹkan níbẹ̀. Irin kan ń fa gíláàsì sókè láti inú agbada, ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó ń ga ju ènìyàn mẹ́fà lọ.

"Ó máa fọ́," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi. "Ẹ ṣáà máa wò ó."

Kò fọ́. Ó gòkè díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn Octave lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ó dì mí lápá mú. "Firmin. Baba mi nìyẹn."

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, gbogbo wa ń wo ara wa bí olè. Octave dìde, ó ṣí fìlà, ó sọ ohun gbogbo, àfi ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ilé ìdáná. Kò dárúkọ mi. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìyọnu kó yẹrí. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì jókòó sí àyè mi.

"Ẹ yọ mí lẹ́gbẹ́," ó ní.

Jules Carlier, alága wa, nu ojú rẹ̀. Wọ́n ti lé ìdajì wa lọ lọ́sẹ̀ náà. "Jókòó, Octave. Inú kí la fẹ́ yọ ẹ́ kúrò? Lọ́jọ́ Sátidé la máa dá kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yìí padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí."

Jules ti yíjú sí ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti nà án, ì bá sàn fún un.

Inú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú ni mo ń ṣiṣẹ́ báyìí. Octave ń gbá àfọ́kù gíláàsì lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Lóṣù tó kọjá mo lọ bá a níbẹ̀, mo ti pinnu pé màá bẹ̀ ẹ́, pé màá lọ sọ fún Jules àti gbogbo wọn pé èmi ni mo ní kó sọ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ìgbálẹ̀ rẹ̀ náà dúró, àyà rẹ̀ kò gbéra. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó mí ni òun náà tó mí, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Mo yí padà, mo gba ilé lọ.