Bàtà Òkè Àǹtí Hilda

Bí ẹ bá rí obìnrin kan lọ́dún 1976 tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Surulere dé Sábó láàárọ̀ kùtù, tó gbé báàgì tí òkúta kún inú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, Àǹtí Hilda Ọlápàdé nìyẹn. Orí rẹ̀ kò dàrú. Ó ń fi kọ́ra ni. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni nílé-ẹ̀kọ́ obìnrin tí èmi náà ti ń kọ́ni níṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní Yábàá, ilé kan náà la sì jọ háyà. Òkè kan ló fẹ́ gùn ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ pé òkè kan wà níbẹ̀ tí oòrùn ń ràn sí láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ tí yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Àǹtí Hilda ní òun kò tíì débẹ̀. Látọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ márùn-ún tó fẹ́ fò lọ síbẹ̀ nígbà họ́lídè gígùn. Wọn á sùn sínú àgọ́, wọn á wo erin àti àgùnfọn nínú igbó, wọn á sì gun òkè náà débi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé. Ó ra bàtà aláwọ líle kan ní Tejúoṣó, ó ń wọ̀ ọ́ kiri inú ilé kó lè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó wo bàtà náà títí.

"Hilda, ṣé igbó tán nílé ni?"

Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìdùnnú rẹ̀ ti ràn mí.

Ibi ìwé ìrìnnà ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò, ó dá a padà.

"Mádàámù, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ lọ́kọ. Lẹ́tà ọkọ yín dà, tó fi gbà kẹ́ ẹ rìnrìn àjò?"

"Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì," ni Àǹtí Hilda wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò béèrè ọjọ́ orí."

Nínú gbogbo àwọn ará ìjọ wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé Sylvester ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Jos láti ọdún mẹ́sàn-án, pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, kò sì fi àdírẹ́sì sílẹ̀. Àwọn yòókù gbà pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lọ. Àǹtí Hilda ló sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ẹni tí ọkọ bá kọ̀ sílẹ̀ kì í jókòó níwájú mọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ni òun. Nítorí náà, gbogbo Kérésìmesì ló máa ń ra aṣọ fún ara rẹ̀, tí á wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí á ní, "Ọkọ mi ló fi ránṣẹ́. Ó ní kí n kí yín." Àwa náà á ní a dúpẹ́. Èmi tí mo mọ̀, mo ń bá wọn dúpẹ́.

A lọ sí Mushin, lọ́dọ̀ Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n Sylvester. Àǹtí Hilda kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá lẹ́tà náà.

"Ìyàwó wa ni ẹ́," ni Àkàngbé wí. "A ò gba ìdáná wa padà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ. Lọ bá ọkọ ẹ."

Ó kọ̀, kò sọ ibi tí ọkọ ń gbé ní Jos. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti dágbére fún un.

Akọ̀wé ìwé ìrìnnà ní bí ọkọ kò bá sí pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, kí àlùfáà ìjọ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fò. Mo ní kí Àǹtí Hilda sọ fún àlùfáà tààrà. Ó ní òun á sọ. Àṣé nígbà tó débẹ̀, ohun tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé, "Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa èmi àti ọkọ mi, sà."

Àlùfáà sì kọ ohun tó mọ̀. Akọ̀wé já lẹ́tà náà níwájú wa, ó kà á sókè: tọkọtaya Ọlápàdé jẹ́ àpẹẹrẹ rere nínú ìjọ, bí iṣẹ́ tilẹ̀ yà wọ́n, kò sí Kérésìmesì tí ọkọ kì í fi aṣọ ránṣẹ́, tí kì í kí gbogbo ìjọ, ó dá òun lójú pé ọkọ náà kò ní pẹ́ kọ lẹ́tà tí wọ́n ń béèrè.

"Mádàámù," ni akọ̀wé wí, ó dá lẹ́tà náà padà fún un, "irú ọkọ báyìí lẹ ní kò sí?"

Mo bínú sí akọ̀wé, mo bínú sí àlùfáà. Ìbínú mi sí Àǹtí Hilda ló pọ̀ jù, àfi nígbà tí mo rántí iye ìgbà tí mo ti dúpẹ́ aṣọ.

Àwọn márùn-ún yòókù fò lọ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí Hilda wọ bàtà òkè náà sábẹ́ ìró, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bi í léèrè. Nígbà tí a jáde, àlùfáà ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá ẹgbẹ́ sì dúró yí i ká.

"Missis Ọlápàdé, ọ̀gbẹ́ni ńkọ́?"

"Kò kí yín, sà. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí kò ti kí ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń ra àwọn aṣọ yẹn."

Ó yọ lẹ́tà náà nínú báàgì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí àlùfáà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi tún un kọ."