Máákà Pupa Lọ́jọ́ Ìdágbére

Bí ọjọ́ ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bá ti ń sún mọ́lé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Fàsílátù Bámilóyè mọ́. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ gan-an kì í fajú ro tó bẹ́ẹ̀. Kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n rò pé àárò àwọn ọmọ ló ń sọ ọ́ ṣáájú ìgbà tí wọn yóò lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé wọn ló ń bà á lẹ́rù.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìran rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ṣómólú ni wọ́n bí i sí, láàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ̀, íǹkì kì í kúrò lábẹ́ èékánná ọkùnrin náà, àní ọjọ́ ọdún. Òun ló ní kí ọmọ òun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí òun ń tẹ̀. Fàsílátù kàwé, ó di tíṣà Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kan ládùúgbò Pedro, ibẹ̀ ló sì wà títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí funfun. Kì í na ọmọ. Ẹnu rẹ̀ ni pàṣán rẹ̀. Bó bá bú ọmọ láàárọ̀, ọmọ náà kò ní rántí jẹun ọ̀sán. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìwé, tí àwọn ọmọ bá ń kọ orúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sign-out, gbólóhùn kan ṣoṣo ni í máa ń kọ sẹ́yìn aṣọ olúkúlùkù wọn: Ọmọ mi ni. Yóò wá fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ó kọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Awwal náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Awwal àti Mùíz ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ibi tí o bá ti rí ọ̀kan, má wulẹ̀ wá èkejì. Lọ́jọ́ náà ariwo Mùíz pọ̀ jù, Fàsílátù sì lé e síta, ó ní òun yóò kọ tirẹ̀ lẹ́nu géètì. Kí Fàsílátù tó dé ẹnu géètì, àwọn méjèèjì ti lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọjọ́ kò tíì rọ̀ dáadáa tí ìròyìn fi dé pé wọ́n ti ṣá Awwal pa tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn níkòríta tó lọ sí àdúgbò Ìlàjẹ. Mùíz kò padà wá ṣe ìdánwò tó kù. Àwọn kan ní ó sá ni, àwọn kan ní òun ló mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin ìkòríta náà gan-an, àwọn tó pa Awwal, ló ń bá dúró.

Nígbà tí Fàsílátù lọ kí ìyá Awwal, obìnrin náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bọ́ lọ́rùn ọmọ rẹ̀ jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì bi í pé, “Tíṣà, èwo ni tiyín níbẹ̀?” Fàsílátù nawọ́ sí i. Ó ṣì ṣeé kà.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ló ti ṣòfin: inú kíláàsì ni wọn yóò ti kọ̀wé sí aṣọ, kálukú yóò mú aṣọ míràn wá láti ilé, yóò pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jáde, òun fúnra rẹ̀ yóò sì sin àwọn ọmọ Ìlàjẹ kọjá ìkòríta.

Lọ́dún yìí, bí ìdánwò ti parí, wọ́n fi í jókòó síwájú kíláàsì pé kó máa wòran. Adéjìmí, ọmọ Ìlàjẹ kan tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ju aṣọ ọmọ míràn lé èjìká bí ìbòrùn tíṣà, ó ṣe ohùn bíi ti Fàsílátù: “Àmì ohùn dà? Ṣé ẹ ti fi jẹ búrẹ́dì ni?” Kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín. Wọ́n rántí ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, tí gbogbo wọn rọ́ sí igun kan, tí òjò ń lu tíṣà wọn lẹ́yìn tí kò sì dákẹ́ àlàyé. Wọ́n rántí bí Delight, ọmọ àdúgbò Palmgrove, kò ṣe lè pe “gbágùúdá” nígbà tó dé. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín náà ni ẹnìkan ti bú sẹ́kún, ni ẹkún bá ràn wọ́n.

Àsìkò yẹn gan-an ni pirinsípà ránṣẹ́ pe Fàsílátù. Ó padà wọlé. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì pọ́n wẹ̀.

“Delight! Ta ló ní kó o ra máákà pupa?”

“Ma, blue ti tán. Gbogbo school ló ń ṣe sign-out. Mo ní ṣebí ìkan náà ni.”

Níbo ni ọmọ Palmgrove ti fẹ́ mọ̀? Àwọ̀ búlúù ni àwọn ọmọkùnrin ìkòríta Ìlàjẹ ń wọ̀, pupa ni ti àwọn tó ń bá wọn jà, ìjà sì ti wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbé pupa wọ̀ kọjá níbẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ pe ikú. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gbé wọn lọ.

Fàsílátù bú wọn tán, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ tirẹ̀. Ó gba máákà náà, ó kọ Ọmọ mi ni sẹ́yìn olúkúlùkù, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń lọ ní méjì méjì, àwọn òbí sì wá mú àwọn ọmọ Ìlàjẹ yòókù. Ó wá ku Adéjìmí.

“Ma, mo gbàgbé èyí tí mo fẹ́ wọ̀ sílé.”

Ó ní kó yí ṣẹ́ẹ̀tì náà sódì. Íǹkì ti mu aṣọ já. Ọmọ atẹ̀wé kò yẹ kó tún wò ó kó tó mọ̀. Kò lè ní kó bọ́ra sílẹ̀ lọ, nítorí ọmọkùnrin tó bá bọ́ra sílẹ̀ níkòríta yẹn, ìjà ni wọ́n máa rò pé ó ń wá. Adéjìmí di bọ́tìnnì àyà rẹ̀ mú. “Ma, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ní àwọn fẹ́ rí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí ìwé nílé wa.”

Ni Fàsílátù bá ṣí ìbòrùn ńlá orí rẹ̀, ó ku fìlà abẹ́ rẹ̀, ó sì fi í wé ọmọ náà láti ọrùn dé ìdí. “Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ibà ló ń ṣe ọ́.”

Wọ́n rìn títí òórùn ẹja yíyan fi ń kí wọn. Níkòríta, àwọn ọmọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan dìde.

“Mummy, ẹ kú ọ̀sán. Kí ló ṣe bọ̀bọ́ yìí?”

“Ibà ni.”

“Ibà? Nínú oòrùn yìí?” Ó fa ìbòrùn náà ya kúrò lọ́rùn Adéjìmí. Bí wọ́n ti rí pupa, gbogbo wọn dìde. Ọ̀kan ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ṣòkòtò.

Fàsílátù kò mọ ìgbà tó bọ́ síwájú ọmọ náà. “Ọmọ mi ni!” Ariwo tó pa, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

“Ẹ fi í sílẹ̀!” Ẹnìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ti hu irùngbọ̀n, àpá wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mùíz ni. Ó yí Adéjìmí padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. “Ọmọ iléèwé ni. Sign-out ló ṣe. Ẹ jókòó jàre.” Wọ́n jókòó.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Fàsílátù. “Ẹ kú ọ̀sán, Ma. Ẹ ò kọ tèmi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní ẹnu géètì.”

Mùíz ká etí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀ sókè. “Ẹ kọ ọ́ sí inú, Ma. Kò sẹ́ni tó máa rí i.”

“Pupa ló wà lọ́wọ́ mi, Mùíz. Yóò yọ síta.”

Mùíz wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí wọn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú tíṣà rẹ̀.

Fàsílátù di ìka rẹ̀ mú. “Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣá Awwal?”

“Mo wà níbẹ̀, Ma. N kò fọwọ́ kàn án. Mo sá. Ó ń pe orúkọ mi, n kò bojú wẹ̀yìn.”

“O wá lọ bá àwọn tó pa á?”

“Wọ́n mọ ilé wa, Ma.”

Ọdún mẹ́ta ló fi kórìíra ọmọ yìí, kò sì tíì dẹ́kun àtikórìíra rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ìyá Awwal ló ń rò. Ó ń rò ó pé bí obìnrin náà bá yọ sí wọn nísinsìnyí, kí lòun yóò wí? Ṣùgbọ́n ó ti gba ìwé lọ́wọ́ yìí yẹ̀ wò rí, ìwé tí àmì ohùn rẹ̀ kì í pé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣí máákà, ó kọ ọ́: Ọmọ mi ni. Òógùn kò jẹ́ kí íǹkì mú, ó tún un kọ.

Mùíz pa ọwọ́ dé. “Ẹ máa mú un lọ, Ma. Ẹ má gba ibí padà.”

Ìyá Adéjìmí wà nídìí ààrò. Bó ti rí ọmọ rẹ̀, ó fi ẹja sílẹ̀, ó ń jó, ó ń yí ọmọ náà síwájú sẹ́yìn, ó ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wo ọmọ òun tó ti parí ìwé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Tíṣà, èwo ni tiyín níbẹ̀?”

Fàsílátù nawọ́ sí i. Íǹkì pupa wà lórí ìka rẹ̀.