Ẹ̀wà Nínú Ọ̀fun Pẹ́pẹ́yẹ

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi Fẹ̀hìntọlá kò fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ. N ò fẹ́ràn rẹ̀ lánàá, n ò sì fẹ́ràn rẹ̀ lónìí. Ẹran tó ń yàgbẹ́ sórí pákó tí èèyàn ń gbà kọjá, tó ń fi ẹnu pẹlẹbẹ tú edé tí mo sá síwájú ilé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n Rèbékà aládùúgbò mi, tó jẹ́ pé pákó kan ṣoṣo ló so ilé tèmi mọ́ tirẹ̀ lórí omi, pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn. Ọ̀rọ̀ Rèbékà ni mo sì fẹ́ sọ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ yọ pẹ́pẹ́yẹ kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Mahíntẹ́dó ni Rèbékà. Ọkọ ló gbé e wá sí abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ugbónlà. Àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá sì ń sọ ìtàn fún ọ, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ni wá. Bí a bá jà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ti wá yá iyọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ abúlé wa mọ̀ pé orí òpó ni gbogbo ilé wà. Kò sí ilẹ̀ tí adìẹ máa fi ẹsẹ̀ họ. Tí òjò bá sì ti lọ tí ọyẹ́ dé, omi iyọ̀ á ti inú òkun wọ inú odò wa, koríko etí omi á jóná ráúráú. Èèyàn gan-an kì í rí ẹ̀fọ́ jẹ nígbà náà, ká má tíì sọ ti ẹran. Ìgbà yẹn ni Rèbékà máa ń ṣe èéhù àgbàdo fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Á rẹ àgbàdo sínú omi òjò. Omi òjò o, kì í ṣe omi odò, nítorí iyọ̀ á pa á. Á dà á sínú bàsíà tó ti lu nídìí, á fi àpò ìrẹsì tó tutù bò ó, á máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbòǹgbò funfun á ti kọ́ ara wọn bí ẹní, ewé tútù á yọ lórí rẹ̀. Á wá fà á ya bí ẹni ń fa búrẹ́dì ya, á máa jù ú sí wọn. Ẹ wá wo ariwo! Mo máa ń sọ fún un pé, "Rèbékà, omi òjò tí àwa ń ṣọ́ mu, o fi ń ṣe fàájì fún ẹran." Á ní, "Fẹ̀hìntọlá, ìwọ náà wá jẹ níbẹ̀ bó bá wù ọ́."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Jésùtófúnmi. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ní kó ṣa ẹ̀wà. Ọ̀lẹ mú un, ó da ẹ̀wà náà sínú bàsíà àgbàdo, ó fi àpò bò ó. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ títí ẹ̀wà fi hù. Nígbà tí wọ́n gbé e fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀wà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣà jẹ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Tófúnmi kì í rẹ àgbàdo kó má bu ẹ̀wà sí i. Rèbékà á pariwo: "Ẹ̀wà tí èèyàn ń wá jẹ! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló yí ọ lórí?" Tófúnmi á ní, "Iye, àwọn náà mọ ohun tó dùn." Iye ni àwọn ọmọ wa ń pe ìyá wọn. Mo máa ń sọ pé bí a bá wá gbogbo etí òkun láti ibí dé Ẹ̀tìkàn, a ò ní rí ẹlòmíì tí orí rẹ̀ dàrú tó báyẹn.

Ó dàgbà, ó fẹ́ Preye, ọmọ Ìjọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì odò. Ọmọkùnrin dáadáa ni. Kò sì jẹ́ nǹkan tuntun, a ti ń fẹ́ra wa tipẹ́, a jọ ń ná ọjà, a jọ ń sin òkú. Rèbékà fún ọmọ rẹ̀ ní ìkòkò, ó fún un ní ẹní, ó fẹ́ fún un ní pẹ́pẹ́yẹ dúdú kan tí Tófúnmi tọ́ láti kékeré, tó sọ ní Màdáámù nítorí ó máa ń rìn bí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé. Tófúnmi ní kó fi í sílẹ̀, pé ilé yóò dákẹ́ jù bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé láàárín àwa àti àwọn Ìjọ̀. Ẹ má bi mí ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bi ará ìhín, á ní àwọn ará ọ̀hún ni. Bí ẹ bá bi ará ọ̀hún, á ní àwa ni. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ilé jó lọ́hùn-ún, ilé jó níhìn-ín, ìjọba kó ṣọ́jà sójú omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọdá mọ́. Abúlé tí Tófúnmi wà jóná kanlẹ̀. Ẹnì kan tó sá wá sọ pé gbogbo ará ilé Preye ló bá iná lọ. Oyún sì wà nínú ọmọ náà.

Háà! Mo sunkún títí ojú mi wú. Rèbékà kò sunkún. Ó ní, "Ta ló rí òkú rẹ̀?" Ó lọ rẹ àgbàdo.

Ìyẹn gan-an ló bí Ísákì ọkọ rẹ̀ nínú. Ísákì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àgbà ìjọ ni, ìbànújẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní, "Rèbékà, ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Jẹ́ ká ṣe ìsìn fún un, kí ọkàn wa sinmi." Rèbékà ní ọkàn tòun kò bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ti mú ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Ísákì sì ti gbé aṣọ funfun rẹ̀ sá sórí okùn. Rèbékà ń rí aṣọ náà láti ibi tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó bá yí ẹ̀yìn sí i.

Ní àsìkò yìí, àwọn pẹ́pẹ́yẹ tirẹ̀ ń sọdá ní tiwọn. Ṣọ́jà kì í bi pẹ́pẹ́yẹ pé níbo ló ń lọ. Láàárọ̀, wọ́n á bọ́ sómi, Màdáámù níwájú, àkísà pupa tí Rèbékà fi ń sàmì sí wọn á máa hàn lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n á wọ inú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, lọ́hùn-ún, ó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dé, Rèbékà á ju èéhù sí wọn, wọn ò ní jẹ. Ó ní, "Fẹ̀hìntọlá, ara wọn kò yá." Mo ní, "Edé mi ni wọ́n jẹ yó, olè ni wọ́n."

Olówòkéré ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ abúlé wa. Ọmọ tí a jọ fọwọ́ tọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní fèrè, ó rò pé òun ti di ọ̀gágun. Ó ní àwọn ará ọ̀hún lè tẹ̀ lé pẹ́pẹ́yẹ wá, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí a ń gbà sá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ba ní ẹ̀yìn òpó, ó mú Màdáámù bó ṣe ń gòkè láti inú omi, ó sì lọ́ ọ lọ́rùn. Ó gbé e wá sí ilé ìdáná mi pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá, ẹ bá wa sè é, kẹ́ ẹ fi ata sí i dáadáa."

Ẹ̀yin náà á rò pé inú mi yóò dùn. Inú bí mi gan-an. "Olówòkéré! Ta ló rán ọ? Ẹran obìnrin tí ọmọ rẹ̀ sọ nù, òun lo rí pa? Ogun lo ní o ń jà yìí, àbí olè?" Mo fi igi ọmọrogùn lé e títí dé orí pákó. Rèbékà gbọ́ ariwo, ó jáde. Ó rí Màdáámù nílẹ̀. Ó jókòó, ó gbé orí pẹ́pẹ́yẹ náà sórí itan rẹ̀, ó ní, "Ẹran Tófúnmi."

Ẹran tó ti kú kì í jí. Mo ní kí Rèbékà jẹ́ kí n tún un ṣe kó má baà bàjẹ́. Mo tu ìyẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ọ̀fun rẹ̀ wú, ó kún fọ́fọ́. Mo ní ẹ wò ó, edé mi rèé, lónìí ni ẹ̀rí máa jáde. Mo fi ọ̀bẹ là á.

Kì í ṣe edé. Èéhù àgbàdo ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ ni, gbòǹgbò funfun ṣì wà lára rẹ̀. Àárín rẹ̀ sì ni mo ti rí ẹ̀wà. Ẹ̀wà pupa, tó ti la ẹnu, tó ti yọ ìrù.

Mo ní, "Rèbékà, wá wo nǹkan."

Ó wò ó. Ó mú ẹ̀wà kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. "Ta ló máa fi ẹ̀wà fún pẹ́pẹ́yẹ nígbà ogun? Fẹ̀hìntọlá, dá mi lóhùn! Èèyàn wo ló máa rẹ ẹ̀wà fún pẹ́pẹ́yẹ nígbà tí ebi ń pa èèyàn?"

Ẹnì kan náà ni gbogbo wa mọ̀. Ó sáré gba orí pákó, ó ń pe Ísákì, ẹ̀wà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ísákì wò ó títí. Ó lọ ká aṣọ funfun rẹ̀ lórí okùn, ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lọ kó o sínú àpótí. Olówòkéré tó ń bẹ̀rù ọmọrogùn mi bọ́ fìlà rẹ̀ níbi tó sá sí. Ọ̀hún ló ti ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àwọn yòókù." Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń lé àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà wọn láàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí pẹ́pẹ́yẹ bá dé nírọ̀lẹ́, Rèbékà á mú wọn níkọ̀ọ̀kan, á fi ìka tẹ ọ̀fun wọn. Bó bá kún, á ní, "Ó jí ire lónìí." Á wá sùn. Èmi náà kì í gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná kí n tó gbọ́ ohun tó sọ. Èmi tí mi ò fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ!

Ó di ọjọ́ kan, ọ̀fun wọn ṣófo. Ọjọ́ kejì, ó ṣófo. Wọ́n ń jẹ èéhù Rèbékà bí ẹni tí ìyàn mú. Àyà mi já. Mo bá ń bínú sí gbogbo èèyàn, mo bú Olówòkéré láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Rèbékà ń fi ìka ka oṣù. Ó ní, "Oṣù rẹ̀ ló pé. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ ni." Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ́n omi sí bàsíà kan náà. Ó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń yí ẹja lórí iná, mo gbọ́ tó kígbe. Mo sáré jáde. Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ kan sókè bí ọmọ tuntun. "Ó kún! Fẹ̀hìntọlá, ó kún! Mo ti di ìyá àgbà!" A jó lórí pákó títí òpó fi ń mì.

Nígbà tí wọ́n pẹ̀tù sí ìjà náà, tí ọkọ̀ tún ń sọdá, Tófúnmi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ó ti rù, ṣùgbọ́n òun ni. Ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn, Preye sì wà lẹ́yìn wọn, ojú ń tì í, bí ẹni pé òun ló dá ogun sílẹ̀. Olówòkéré ló bá wọn gbé ẹrù gòkè. Ísákì gba ọmọ, ó ń fi aṣọ ọmọ náà nu ojú.

Tófúnmi wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Iye, Màdáámù dà?"

Olówòkéré ń wo omi. Rèbékà ló sọ ọ́. "Ó jíṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Ó jíṣẹ́ rẹ dáadáa."

"Iṣẹ́ wo, Iye? N ò rán an níṣẹ́ kankan." Ojú Tófúnmi ti ń dà lómi. "Mo rí àkísà yín lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé ilé wa ló ń padà sí. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pín fún wa níbi tí a sá sí lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà ni mò ń bù pamọ́. Mo kàn ní kó má fi ebi relé."

Rèbékà jókòó sórí pákó níbẹ̀, ó sì sunkún. Gbogbo ẹkún tí kò sun láti ìgbà tí ilé ti jó, ó sun ún lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Èmi náà ń nu ojú. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti wà lórí edé mi, wọ́n ń fi ẹnu pẹlẹbẹ tú u. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan o.