Ọjọ́ Tí Mo Sùn Lórí Ìforíkanlẹ̀

Ẹ má wo láwàní ńlá tó wà lórí mi, ó máa ń rẹ èmi náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe lèmọ́ọ̀mù ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àwọn èèyàn sì rò pé iṣẹ́ mi ò ju kí n kírun, kí n jẹ sàráà, kí n lọ sùn. Síọ̀! Ta ní ń sùn?

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìsọmọlórúkọ mẹ́ta ni mo ṣe. Mo so yìgì kan ní Pópó Àgùdà, mo sin òkú méjì, mo tún ṣe fìdáù ẹni tó ti kú ṣáájú wọn. Tọkọtìyàwó kan ń jà lórí ẹni tí yóò máa tan jẹnẹrétọ̀, ọmọ ìyá méjì ń jà lórí yàrá tí bàbá wọn fi sílẹ̀, gbogbo wọn ní àfi kí Lèmọ́ọ̀mù wá dá sí i. Bí mo bá fẹ́ jẹun, fóònù á dún. Bí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, á tún dún. Ẹnì kan tiẹ̀ pè mí láti CMS pé òun ti wọkọ̀, kí n bá òun ṣàdúà kí dírẹ́bà má sáré. Mo ní kó yáa bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀.

Ìyá àwọn ọmọ mi ń wò mí. Ó ní, “Ààfáà, ẹ sọ fún jàmáà pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o.”

Mo jágbe mọ́ ọn. “Lèmọ́ọ̀mù wo ló ń sọ pé ó rẹ òun? Ṣé kí wọ́n lè ní ìgbàgbọ́ mi ti ń dín kù ni?”

Kó tó pẹ́ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa lèmọ́ọ̀mù tó jẹ ṣáájú mi nígbà tí kò lókun mọ́. Wọ́n ní kò fọkàn sí iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ irú ẹ̀ sí mi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́, nígbà ìrun Àílà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi òkú dé ni. Àwọn oníṣòwò ti ti ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí kún. A kírun dé ìforíkanlẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì tutù lábẹ́ iwájú orí mi, fáànù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn. Mo ní “Sùbùhánà...” Mi ò mọ ibi tí mo bá a dé.

Ẹni tó bá ń kírun lẹ́yìn lèmọ́ọ̀mù, kò gbọdọ̀ gbórí kí lèmọ́ọ̀mù tó gbórí. Bí gbogbo jàmáà ṣe dúró síbẹ̀ nìyẹn, tọmọdé tàgbà, orí nílẹ̀, ìdí lókè, tí wọ́n ń retí mi. Nígbà tó pẹ́, làádánì tó ń pe ìrun fún wa ké “Sùbùhánàllàhi!” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ta lèmọ́ọ̀mù lólobó tó bá ṣàṣìṣe. Mo ta gìrì, mo kábárà, mo jókòó, mo sálámà. Ìgbà yẹn ni iyè mi tó sọ. Oorun ti ba àlùwàlá mi jẹ́, mo sì parí ìrun fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìní àlùwàlá!

Kí n tó lanu, Bàbá Àdínnì, àgbà mọ́ṣáláṣí wa, ti ń fà súnmọ́ mi. Omi wà lójú wọn. “Lèmọ́ọ̀mù, Ọlọ́run á gbà á. Irú ìforíkanlẹ̀ yẹn! Mo dárúkọ gbogbo ọmọ mi tán, mo tún bọ́ sórí àwọn ọmọ ọmọ.” Ìyá kan ń sọ lẹ́yìn kọ́tìnnì pé lèmọ́ọ̀mù tó mọ Ọlọ́run la ní.

Háà! Ṣàítánì ní kí n dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Bí mo bá sòótọ́, iyì mi lọ. Bí mo bá dákẹ́, ìrun gbogbo wọn wà lọ́rùn mi. Itọ́ oorun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi.

Mo dìde. “Ẹ̀yin jàmáà, ẹ forí jì mí. Mi ò ṣàdúà kankan. Mo sùn ni. Ìrun wa ò ṣẹ, àfi ká tún un kí. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí, mi ò lè sọ ni.”

Mo ń retí èébú. Àfi bí Bàbá Àdínnì ṣe bú sẹ́rìn-ín. “Èmi gan-an, orí ọmọ ọmọ kẹrin loorun ti gbé mi lọ! Bí kì í bá ṣe ti làádánì, Àsárì ì bá bá wa níbẹ̀!” Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní òun rò pé òun nìkan ni.

Bàbá wá fajú ro. “Ta ló pe Lèmọ́ọ̀mù lánàá? Ẹ nawọ́.” Ọwọ́ pọ̀ lọ súà. “Ẹ ò rí i? Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Láti òní lọ, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́íbì ló ni ìrun, Nọ́íbì ló lẹjọ́. Lèmọ́ọ̀mù á pa fóònù.”

Nọ́íbì ni igbákejì mi. Àyàfi tí mo bá rìnrìn àjò ni mo máa ń jẹ́ kó síwájú. Ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn, mo rò pé láìsí mi, mọ́ṣáláṣí á wó.

Òun ló tún ìrun náà kí. Gbogbo àwa tí a sùn ṣe àlùwàlá mìíràn, mo dúró lórí ìlà láàárín Bàbá Àdínnì àti ẹnì kan tó ń tún bàtà ṣe. Nígbà tí a sálámà tán, Nọ́íbì gbọ́wọ́ sókè. “Ọlọ́run, bá wa tọ́jú Lèmọ́ọ̀mù wa. Fún wọn lóorun. Fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀.” Jàmáà ké, “Àmín!”

Gbogbo ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, èmi ni mò ń ṣàdúà, àwọn ni wọ́n ń ṣàmín. Mo fẹ́ ṣe àmín tèmi, ohùn ò jáde, ẹkún ti gbà á. Bàbá Àdínnì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

“Ẹ ṣe é sókè, Lèmọ́ọ̀mù. Tiyín ni àdúà yìí.”